Bí Ewé Ti Ń Se Oúnjẹ, àti Ìdí Tí Oòrùn Fi Ń Mú Un Fi Díẹ̀ Ṣòfò

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún ní Bàbáńlá

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, ọ̀rọ̀ ọ̀nà mọ́tò ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí òun ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ nípa ọ̀nà jù mí lọ pọ̀ níhìn-ín. Mo wá rántí ìbéèrè kan tí ọmọ ilé-ìwé kan bi mí nínú oko ilé-ìwé, tí èmi kò lè dáhùn, tí ojú sì tì mí. Ìbéèrè náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, nítorí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ wa ni.

Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Àwọn ọmọ ń ro oko. Ewé ẹ̀wà ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ewé iṣu ti dorí kodò lórí igi tí wọ́n fà á sí, ṣùgbọ́n ọkà bàbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà, dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun. Ọmọkùnrin kan gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Tísà, kí ni ó dé tí oòrùn tí ó ń pa ẹ̀wà kò pa ọkà?” Mo dá a lóhùn pé gbòǹgbò ọkà ni ó jìn. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé gbòǹgbò ẹ̀wà máa ń wọlẹ̀ lọ jìnnà.” Mo ní kí ó máa ro oko rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó wà níhìn-ín mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ máa ro oko rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tèmi ni kò wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé kà. Ohun tí mo rí kọ́ mi pé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún kò pé. Mo ti máa ń sọ fún wọn pé ní ọ̀sán, ewéko a máa fa afẹ́fẹ́ tí a mí síta sínú, a sì máa tú afẹ́fẹ́ rere jáde. Pé ní òru nìkan ni òun náà ń tú afẹ́fẹ́ tí kò dára jáde bí ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní ọ̀sán gangan, bí oòrùn ti ń ràn án lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun ọ̀gbìn wa ń fi ọwọ́ kan kó jọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kejì dànù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ni ewéko ń jẹ? Bí mo bá bi àwọn àgbẹ̀ wa, wọn yóò ní ilẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó rò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ tí ó di Bẹ́ljíọ̀m lónìí, Jan Baptist van Helmont ni orúkọ rẹ̀. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́n-ùn sínú ìkòkò, ó gbin igi kékeré kan tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 5 sínú rẹ̀, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí ó tú u, igi náà ti di pọ́n-ùn 169, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ kò dín ju àwúǹsì 2 lọ. Ọdún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a tẹ ìwé tí ó sọ èyí jáde. Ó rò pé omi ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣì í. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a fi òṣùwọ̀n ṣe sàn ju òtítọ́ tí a fi ẹnu lásán sọ, nítorí ó fi hàn gbangba pé ilẹ̀ kọ́ ni ó di igi.

Ara afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wo èédú tí àwọn kan ń jó nínú igbó wa tí wọ́n ń kó lọ sí ìlú ńlá. Ohun tí ó kù nínú igi lẹ́yìn tí iná ti lé omi àti èéfín jáde ni, òun sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́n. Bí ẹ bá mú àgbàdo gbígbẹ, ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni kábọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu gbígbẹ. Láti inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, láti inú afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní carbon dioxide, tí èmi yóò máa pè ní afẹ́fẹ́ èédú lónìí kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa. Ohun tí ilẹ̀ ń fún ewéko ni omi àti iyọ̀ díẹ̀, bí ẹni fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Iyọ̀ náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni iyán.

Ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni bí afẹ́fẹ́ èédú ti ṣọ̀wọ́n tó. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká sí ọ̀nà 10,000, afẹ́fẹ́ èédú kò ju bí 4 lọ nínú rẹ̀, nígbà tí ọ́síjìn, èyí tí àwa fi ń mí, tó 2,100. Fún ẹyọ kan tí ewé ń wá, bí 500 tí kò wá ni ó yí i ká. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó lọ sí ọjà láti wá ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù, tí gbogbo ọmọ ọjà sì wọ aṣọ kan náà.

Abẹ́ ewé ni ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà ni omi ń gbà jáde. Bí oòrùn bá mú jù, tí omi sì ṣọ̀wọ́n, ewé a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi dúró, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò wọlé mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ewé, òṣìṣẹ́ kan wà tí ó ń gba afẹ́fẹ́ èédú wọlé. Rubisco ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Èròjà ara ni, irú èyí tí ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, bí itọ́ ẹnu ti ń sọ iṣu di dídùn bí a bá jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹyọ afẹ́fẹ́ èédú kan, kí ó so ó mọ́ ṣúgà kan tí ó ní kábọ́n 5. Mẹ́fà tí ó jáde á pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, láti inú wọn ni ewéko sì ti ń ṣe ṣúgà, sítáàṣì, igi àti òróró. Gbogbo oúnjẹ tí a jẹ lónìí, títí kan ẹran, ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí ni ó gbà kọjá. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, òṣìṣẹ́ tí ó lọ́ra ni. Ẹyọ bíi mẹ́ta péré ni ó lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn nínú ara ń ṣe ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà ni ewéko fi gba irú rẹ̀ púpọ̀ síṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé kò sí èròjà ara irú rẹ̀ tí ó pọ̀ tó o nínú ewé.

Ìlọ́ra rẹ̀ ì bá má burú bí ojú rẹ̀ bá ríran. Kò ríran dáradára. Nígbà mìíràn ọ́síjìn ni ó mú dípò afẹ́fẹ́ èédú. Bí ó bá ṣe àṣìṣe yìí, ohun tí ó jáde kì í ṣe mẹ́ta-mẹ́ta mọ́; mẹ́ta kan ni, àti méjì kan. Méjì yìí kò wúlò fún ewé, ó sì lè ṣe é ní jàm̀bá bí ó bá pọ̀. Kò gbọdọ̀ dúró. Ewé á gbé e jáde kúrò ní ilé ìdáná rẹ̀, á gbé e lọ sí yàrá kejì, láti ibẹ̀ lọ sí yàrá kẹta, á tún gbé ohun tí ó kù padà wá sí ilé ìdáná, agbára ni ó sì fi ń ṣe gbogbo ìrìn yìí. Ní òpin rẹ̀, nínú kábọ́n 4 tí ó ti báyìí ṣáko, mẹ́ta ni ó rí gbà padà. Ẹyọ kan ti tú jáde sínú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a mí síta. Nítorí pé ojú ìmọ́lẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn onímọ̀ pè é ní photorespiration, èyí tí í ṣe mímí ojúmọmọ. Orúkọ náà dára jù ú lọ, nítorí mímí a máa fún ara ní agbára. Èyí ń jẹ agbára ni.

Báwo ni àdánù náà ti pọ̀ tó? Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù níwọ̀nba, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí irú ewéko bẹ́ẹ̀ kó jọ ni ó ń bá a lọ. Bí ooru bá pọ̀, ó ń pọ̀ sí i, nítorí ìdí méjì. Èkíní, bí omi inú ewé bá gbóná, afẹ́fẹ́ èédú a máa sá kúrò nínú rẹ̀ ju ọ́síjìn lọ. Èkejì, ojú Rubisco fúnra rẹ̀ a máa bàjẹ́ sí i nínú ooru. Bí ewé bá sì tún ti ilẹ̀kùn nítorí ọ̀dá, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ èédú tí ó wà nínú ilé á tán, ọ́síjìn nìkan ni yóò kù tí òṣìṣẹ́ náà yóò máa mú. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ní ọdún 2016 pé àdánù yìí ń gba ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀wà sóyà ilẹ̀ wọn, àti ìdá 20 lọ́wọ́ àlìkámà. Ilẹ̀ wọn nì yẹn, níbi tí òtútù ti ń pa ènìyàn. Ẹ wá ronú nípa ẹ̀wà tí ó wà ní oko wa ní ọ̀sán oṣù kẹjọ tí òjò kọ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé èé ṣe tí a fi gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́. Ìdáhùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fúnni ni pé nígbà tí Rubisco bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ayé rárá. Kò sí ohun tí ó lè ṣì mú. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó tú ọ́síjìn sínú ayé, títí tí ọ́síjìn fi kún ojú ọjà tí kò sì mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tí a mọ gbogbo èyí. Otto Warburg ní Jámánì ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1920 pé ọ́síjìn ń dí iṣẹ́ ewéko lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Ní Kalifóníà, Melvin Calvin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipa ọ̀nà kábọ́n nínú ewéko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961. Andrew Benson, tí ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ náà, kò bá a pín in, ohun tí ó sì dùn mí nígbà tí mo kà á nì yẹn, nítorí mo mọ àwọn olùkọ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún 1971 ni Bowes àti Ogren ní Illinois tó fi hàn pé Rubisco kan náà tí ń mú afẹ́fẹ́ èédú ni ó ń mú ọ́síjìn.

Wàyí o, kí ni ti ọkà bàbà? Ìrèké ni ó tú àṣírí rẹ̀. Ní erékùṣù Hawaii, níbi tí àwọn òyìnbó ń gbin ìrèké fún ṣúgà, àwọn onímọ̀ kan rí i pé ohun àkọ́kọ́ tí ìrèké ń ṣe kò ní kábọ́n mẹ́ta bí ti Calvin. Mẹ́rin ni ó ní. Wọ́n tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1965. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Hatch àti Slack ní Brisbane ní ilẹ̀ Australia ṣàlàyé bí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọdún náà gan-an ni wọ́n ń gbin ìrèké ní Bàcíta, ní ilẹ̀ tí ó di ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, tí ilé-iṣẹ́ ṣúgà sì ń fọn fèrè níbẹ̀. Ìrèké tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa ń ṣe iṣẹ́ ìyanu, àwa kò mọ̀. Ṣúgà ni a ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi agbo ilé wa ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Nínú ewé ẹ̀wà, Rubisco jókòó sí ojúde, níbi tí gbogbo ènìyàn ń kọjá, ẹni tí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń dì mú. Nínú ewé ọkà bàbà, àgbàdo, ìrèké àti jéró, wọ́n ti mú un kúrò ní ojúde, wọ́n fi í sí ìyẹ̀wù, nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ó yí iṣan ewé ká. Òṣìṣẹ́ mìíràn ni ó dúró ní ojúde. Ojú òun mú, kò sì mọ ọ́síjìn rárá. Bí ọ́síjìn tilẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní bá a ṣe. Afẹ́fẹ́ èédú nìkan ni ó ń mú, á so ó mọ́ ohun tí ó ní kábọ́n mẹ́ta, ó di mẹ́rin, wọn á sì gbé e wọ ìyẹ̀wù lọ. Níbẹ̀ ni wọn yóò tú afẹ́fẹ́ èédú náà sílẹ̀, tí yóò pọ̀ ju ti ìta lọ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ojú Rubisco ti ṣe baìbaì tó, kí ni yóò tún ṣì mú, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ ni ó kún yàrá?

Nítorí náà ni ọkà bàbà fi lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìdajì ní ọ̀sán kí ó sì máa jẹun lọ. Omi tí ó ń ná lórí ẹrù kan tó bí ìdajì ohun tí ẹ̀wà ń ná. Èyí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún ọmọ náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe àwọn ewéko ti àkọ́kọ́ ní C3, wọ́n ń pe ti èkejì ní C4. Èmi ń pè wọ́n ní ẹlẹ́mẹ́ta àti ẹlẹ́mẹ́rin fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Ẹlẹ́mẹ́ta ni iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ilá, ìrẹsì àti gbogbo igi eléso wa. Nípa ẹ̀gẹ́, àwọn onímọ̀ kan ní Kòlóńbíà ti rò nígbà kan pé ó wà láàárín méjèèjì, nítorí bí ó ti lágbára tó nínú ọ̀dá, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ẹlẹ́mẹ́ta pátápátá ni. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé ó yára ti ilẹ̀kùn, ó sì ní sùúrù.

Ẹ̀yà kẹta tilẹ̀ wà, ó sì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú yín. Àbámọdá ni. Ní ọdún 1815, a tẹ ìròyìn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benjamin Heyne jáde, tí ó jẹ ewé àbámọdá ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó rí i pé ó kan ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀sán, kíkan rẹ̀ ti lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé òru ni àbámọdá ń ṣílẹ̀kùn, nígbà tí ilẹ̀ tutù, á kó afẹ́fẹ́ èédú pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun kíkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ti ilẹ̀kùn, á sì máa se ohun tí ó kó pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń ṣe. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ àbámọdá káàkiri o. Àwọn onísègùn wa mọ ìwọ̀n rẹ̀ jù mí lọ.

Kí ẹ má rò pé ẹlẹ́mẹ́rin kò ní àléébù. Gbígbé ẹrù láti ojúde wọ ìyẹ̀wù ń gba owó, oòrùn sì ni owó náà. Níbi tí oòrùn pọ̀, kò ní lára. Níbi tí òjìji wà, gbèsè ni. Àwọn baba wa kò ka ìwé Hatch àti Slack, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àgbàdo kì í ṣe dáradára lábẹ́ igi irúgbá tàbí igi ẹ̀mí, wọ́n sì mọ̀ pé kókò lè wà níbẹ̀ kí ó má ráhùn. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, mo rò pé igi ni ó ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ mọ́ àgbàdo lọ́wọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò wa jù lọ ni ti koríko. Èkan, tí ó ń gún iṣu nínú ilẹ̀, ẹlẹ́mẹ́rin ni. Eésún, ẹlẹ́mẹ́rin ni. Púpọ̀ nínú àwọn koríko tí ó burú jù lọ ní gbogbo ayé, ẹlẹ́mẹ́rin ni wọ́n. Nígbà tí a bá gbin iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ tí a kò tètè ro ó, a ti kó ẹlẹ́mẹ́ta sínú ìjà pẹ̀lú ẹlẹ́mẹ́rin lábẹ́ oòrùn, níbi tí èkejì ti ní agbára jù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀gẹ́ kò lè gbèjà ara rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá ti pàdé lókè, òjìji rẹ̀ ni yóò bá a jà, nítorí èkan kò fẹ́ràn òjìji. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ wà ní Èkó tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún oko, ẹ jọ̀wọ́, kí owó alágbàṣe ìroko àkọ́kọ́ tètè dé. Owó tí ó dé ní oṣù karùn-ún, koríko ni ó bọ́.

Àwọn onímọ̀ kan ti gbìyànjú láti wá ẹ̀wà sóyà tàbí àlìkámà kan tí Ọlọ́run bá ti fi ọgbọ́n àgbàdo fún. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n fi àgbàdo sí àárín wọn. Àgbàdo fa afẹ́fẹ́ èédú inú àpótí náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tí ó kù ń tú tiwọn jáde, àgbàdo ń gbà á, wọ́n sì ń rù títí wọ́n fi kú. Kò sí èyí tí ó yè nínú wọn ju àgbàdo lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nítorí pé wọn kò rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ní Yunifásítì Illinois, iṣẹ́ kan tí a ń pè ní RIPE bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ní ọdún 2019 wọ́n ròyìn pé àwọn ti ṣe ọ̀nà àbùjá sínú ewé tábà, tí ó fi jẹ́ pé méjì tí ó ṣáko náà kò ní láti rìn yàrá mẹ́ta mọ́. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Nínú oko gidi, tábà náà fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Tábà ni wọ́n lò nítorí pé ó rọrùn láti fi dán nǹkan wò. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ṣe é fún ọ̀dùnkún òyìnbó, ìròyìn tí ó jáde ní 2024 sì sọ pé nígbà ooru líle, ó fi ìdá 30 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́, oúnjẹ tiwa, wà lára ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Mo mọ̀ pé bí mo ti sọ èyí, àwọn kan ti ń mi orí. Ọ̀rọ̀ irúgbìn tí a tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ìlú yìí rí, pàápàá láti ọdún 2019 tí ìjọba ilẹ̀ wa ti fàyè gba ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ. Kì í ṣe tèmi láti pàṣẹ fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìbéèrè tí a ń bèèrè kò tọ́. A ń bèèrè pé, “Ṣé kò ní pa wá?” Ìjọba ní àjọ tí ó ń yẹ èyí wò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ìlú bèèrè ni: ta ni yóò ni irúgbìn náà? Ṣé a lè tọ́jú rẹ̀ sí orí àjà dé ọdún tí ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti ń ṣe, tàbí a ó máa rà á lọ́dọọdún? Àwọn RIPE ti ṣèlérí pé àwọn àgbẹ̀ kékeré ilẹ̀ Áfíríkà kò ní san owó ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìlérí dára, kí àwọn amòfin ọmọ Bàbáńlá bá wa ka ìwé rẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Kò tíì dé. Ooru ni ó ti dé. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ayé, nínú ọ̀nà mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, 280 ni afẹ́fẹ́ èédú. Nísinsin yìí ó ti lé ní 420. Àwọn kan sọ pé èyí dára fún ẹlẹ́mẹ́ta, nítorí oúnjẹ wọn ti pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń mú ayé gbóná, ooru náà sì ń gba ohun tí ó fún wọn padà, ọ̀dá sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni àwọn nǹkan tí kò ní orúkọ òyìnbó. Koríko gbígbẹ tí àwọn baba wa ń fi bo orí ebè ń jẹ́ kí omi pẹ́ ní ilẹ̀, kí ewé iṣu lè pẹ́ kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kò ṣe é mọ́, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Iná tí a ń fi sí igbó ní ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó koríko tí à bá fi bo ebè. Àti igi ẹ̀mí àti irúgbá tí a ń gé jó sí èédú: mo ti sọ pé òjìji wọn kò bá àgbàdo lára mu, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú kí ẹ̀gbẹ́ oko tutù, orí wọn ni ìyá mi sì ti rí owó ilé-ìwé mi. Èmi kò lè dákẹ́ lórí èyí nítorí pé àwọn kan nínú àwọn tí ó ń ta èédú jókòó níhìn-ín, wọ́n sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ewé ẹ̀wà àti ewé àgbàdo, yàrá ìyẹ̀wù tí mo ń sọ yìí, ojú lásán kò lè rí i. Haberlandt ní ilẹ̀ Ọ́síríà ti rí i ní ọdún 1884, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní òdòdó tí a hun bí adé, nítorí bí àwọn yàrá náà ti yí iṣan ewé ká. Ohun tí ó fi rí i ni máíkírósíkópù, kò sì sí ọ̀kan tí ó dára ní ilé-ìwé wa. Èyí tí ó wà, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Èmi kò béèrè fún ilé tuntun. Ẹyọ kan péré ni mo ń béèrè, pẹ̀lú abẹ tí a fi ń gé ewé ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ọmọkùnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè ti fi ilé-ìwé wa sílẹ̀ kí n tó rí ìdáhùn. Mo pàdé rẹ̀ ní ọjà ní oṣù tí ó kọjá, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, bí àwọn ènìyàn ti ń kọjá lára wa. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá ní, “Tísà, bí ẹ̀wà bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí kò fi kọ́ ọgbọ́n ọkà láti ìgbà yìí wá?” Mo sọ fún un pé ó ju ọgọ́ta ìgbà lọ tí oríṣiríṣi ewéko ti kọ́ ọgbọ́n náà láyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà láéláé, ṣùgbọ́n pé ìdí tí ìdílé ẹ̀wà kò fi sí nínú wọn, kò yé mi.

Mo kó ewé mẹ́ta wá: ti ẹ̀wà, ti ọkà bàbà àti ti àbámọdá. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ akápò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n, kí ó wá lẹ́yìn ìpàdé kí wọ́n tó rọ.